Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Gé E, Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Tọ́jú Rẹ̀, Ṣùgbọ́n Ẹ Béèrè Ibi Tó Ń Lọ

Ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ níbi ìpàdé wa ní Sọ́ńdè tó kọjá ò tíì tán nínú wa, a sì ti rí i pé àwọn kan ń gbé e kiri lórí WhatsApp lọ́nà tí kò fi rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí a kọ ọ́ síbí, kí gbogbo wa lè kà á. Ẹni tó bá sì fẹ́ bú wa, kó bú wa ní gbangba.

Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ni. Ẹ dákun, ẹ má tíì ṣí i kọjá.

Ọ̀pọ̀ yín mọ ìyá tó máa ń ta oúnjẹ lẹ́bàá ṣẹ́ẹ̀dì àwọn onípákó. A ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ti jẹ àmàlà rẹ̀ rí ti mọ ẹni tí à ń sọ. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ìyá yìí rí kókó kan ní ọmú. Oṣù mẹ́jọ ni kò fi sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó wá sọ, àwọn kan láàárín wa (àwa náà wà níbẹ̀, a ò ní purọ́) ní kí wọ́n má jẹ́ kí irin kàn án o, pé tí irin bá ti lè kan kókó, ṣe ló máa tú ká gbogbo ara. Wọ́n fi àgbo sí i, wọ́n fi ìpara sí i. Ìgbà tó di egbò ni wọ́n tó gbé e lọ sí ọsibítù kan ní ìlú yìí.

Wọ́n gé díẹ̀ lára kókó náà fún àyẹ̀wò, wọ́n kó o sínú rọ́bà kékeré kan, wọ́n gbé e lé wa lọ́wọ́. Ẹ gbọ́ o, àwa oníṣòwò táìlì. Wọ́n ní kí a gbé e lọ sí láàbù kan nígboro, kí a sanwó níbẹ̀, kí a mú èsì padà wá. Owó tí láàbù pè ju èyí tó wà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ lọ. A bá gbé rọ́bà náà sórí àpótí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, láàárín àwọn agolo ọ̀dà, kí a fi wá owó. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò níbẹ̀, nínú ooru Dei-Dei tí gbogbo wa mọ̀. Nígbà tí a gbé e dé láàbù, ọmọbìnrin tó gbà á lọ́wọ́ wa ṣí i, ó sì pa á dé kíá. Ó ní ta ló fi omi lásán sí i? Ó ní fọ́múlíìnì ló yẹ kó wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú kó má bàa jẹrà. Ẹran ara náà ti bàjẹ́. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí nínú rẹ̀ mọ́.

Wọ́n tún òmíràn gé. Ìgbà yẹn, ó ti lé ní oṣù kan. Èsì jáde pé jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò kejì tó máa sọ irú jẹjẹrẹ tó jẹ́, tí dókítà fi ń mọ oògùn tó máa bá a mu, owó tirẹ̀ yàtọ̀, a ò sì rí i san. Wọ́n kàn ń fún un ní oògùn bí ẹni tó ń fọwọ́ tálẹ̀ nínú òkùnkùn ni. Kò pé ọdún méjì tó fi kú. Ọmọ mẹ́ta ló fi sílẹ̀, méjì nínú wọn jẹ́ obìnrin.

Ẹ̀gbọ́n nínú àwọn obìnrin méjì yìí, ọmọ ọdún 31, ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè dá lé. Òun náà ti rí kókó. Kò fi ṣeré, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ló ti dé ọ̀dọ̀ dókítà. Wọ́n dá ọjọ́ fún un pé wọ́n máa fi abẹ́rẹ́ ńlá gba díẹ̀ lára kókó náà. Wọ́n wá tún fún un ní fọ́ọ̀mù kan: ṣé ó máa yọ̀ǹda kí wọ́n tọ́jú díẹ̀ lára ohun tí wọ́n bá gbà, àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, fún ìwádìí tí wọ́n ń ṣe láti wá oògùn jẹjẹrẹ tó dára ju èyí tó wà lọ? Ó gbé fọ́ọ̀mù náà wá sí ìpàdé, kí àwọn bàbá bá òun wò ó. Ilé bá dàrú.

Bàbá wa kan dìde, ó ní wọ́n fẹ́ ta ẹran ara ọmọ wa ni. Ẹlòmíràn ní òyìnbó ló máa gbé e lọ, wọ́n á fi di olówó, a ò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹnìkan tún dárúkọ Kano. Ọmọ náà jókòó síbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a kọ èyí, kó má di pé a gbé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ síta.

Ohun tí àwa sọ níbẹ̀ náà la tún ń sọ níbí: kí ó fọwọ́ sí i. Bàbá, ẹ má bínú, a ò bá yín jà. A fẹ́ ṣàlàyé ni.

Gbogbo wa tí a ń ta táìlì mọ ọ̀rọ̀ sáńpù. Oníbàárà á wọlé, á ní òun fẹ́ táìlì tó máa bá ti pálọ̀ òun mu, pé mẹ́rin ti fọ́ nínú rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí a máa bi í ni pé, "Ọ̀gá, àfọ́kù rẹ̀ dà?" Tí kò bá mú un wá, tó bá ń fẹnu júwe pé ó pọ́n díẹ̀, ó ní ìlà díẹ̀, a mọ̀ pé yóò padà wá dá a padà lọ́la, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀. Kò sí bí a ṣe mọ ọjà tó, a ò lè rí èyí tó bá a mu láìrí àfọ́kù. Àwọn tó ń ṣe oògùn jẹjẹrẹ náà, àfọ́kù ni wọ́n ń wò. Àmọ́ àfọ́kù ilé ta ni? Ìkójọ ńlá kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní The Cancer Genome Atlas, níbi tí wọ́n ti yẹ kókó jẹjẹrẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wò fínnífínní. Òyìnbó ló pọ̀ jù níbẹ̀. Tí oògùn bá wá dé Gwagwalada tí kò ṣiṣẹ́ lára wa bó ṣe ṣiṣẹ́ lára wọn, kí la fẹ́ sọ?

Ẹ má sì rò pé èrò lásán ni èyí. Ní 2018, àwọn oníwádìí kan gbé èsì jáde nípa jẹjẹrẹ ọmú àwọn aláìsàn 194 láti Nàìjíríà. UCH Ìbàdàn àti LASUTH ní Ìkejà ni wọ́n ti gba àwọn sáńpù náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade, tó kàwé jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó dé Chicago, wà lára àwọn aṣáájú iṣẹ́ náà. Wọ́n fi wé ti aláìsàn 1,037 láti inú ìkójọ Amẹ́ríkà yẹn. Wọ́n rí i pé irú jẹjẹrẹ ọmú kan tí kì í sábà le lára àwọn òyìnbó, lára àwọn obìnrin tiwa ó ní àmì pé ó burú, ó ń yára. Nínú púpọ̀ rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì náà ò lè tún ara rẹ̀ ṣe mọ́ tí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá já. Ìyẹn ṣe pàtàkì, torí pé oògùn ti wà, bí olaparib, tí wọ́n ṣe láti gba ibi àìlètúnṣe yẹn wọlé pa jẹjẹrẹ. Ta ni ì bá mọ̀ ká ní àwọn 194 yẹn ní àwọn ò fún wọn?

Ní ọdún yẹn kan náà, èsì mìíràn tún jáde. Obìnrin Nàìjíríà 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọmú, wọ́n yẹ àbùdá tí wọ́n jogún wò. 167 nínú wọn, bí ẹnìkan nínú méje, ló ní àléébù tó ń fa jẹjẹrẹ, tó sì lè ti ọ̀dọ̀ òbí dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Nínú obìnrin 997 tí kò ní jẹjẹrẹ, 18 péré ni. Ẹ wá wo ìyá alámàlà wa àti ọmọ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti tọ́jú sáńpù ìyá dáadáa, tí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá wọn ì bá ti rí nǹkan tí wọ́n á fi kìlọ̀ fún àwọn ọmọ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Àbúrò obìnrin wà níbẹ̀ tí kò tíì pé ọdún 27. Ẹ̀rí tó lè ran àwọn méjèèjì lọ́wọ́ ti jẹrà láàárín agolo ọ̀dà, nínú ṣọ́ọ̀bù tiwa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wa pé kò sí ohun tí ẹran ara yẹn wà fún.

Kì í sì í ṣe ti obìnrin nìkan. Ẹ̀yin bàbá tí ìgbẹ́ ń mú ẹ̀jẹ̀ dání tí ẹ ń pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ fetí sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Alatise ti OAUTHC Ilé-Ifẹ̀ àti àwọn ará Memorial Sloan Kettering ní New York ṣàyẹ̀wò jẹjẹrẹ ìfun ńlá láti ara àwọn aláìsàn Nàìjíríà, èsì rẹ̀ jáde ní 2021. Àmì kan wà tí wọ́n rí nínú bí 28 nínú ọgọ́rùn-ún kókó tiwa. Nínú ìkójọ Amẹ́ríkà, 14 ni. Ní ọsibítù New York yẹn fúnra rẹ̀, kò tó 9. Àwọn tó ní àmì yìí ni oògùn tuntun tó ń jí àwọn ọmọ ogun ara dìde sábà máa ń ṣe lóore. Ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kí oògùn yẹn wúlò fún wa ju àwọn tó ṣe é lọ, àwa sì ni kò lówó rẹ̀. A máa padà sí ọ̀rọ̀ owó.

Ẹ̀yin tí ẹ ní òyìnbó máa gbé e lọ, òótọ́ lẹ sọ, wọ́n ti gbé e lọ rí. Ní 1963, ní Ìbàdàn, ọmọkùnrin kan wà, ọmọ ọdún 11. Kókó wú u ní egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkè lápá òsì, irú jẹjẹrẹ ọmọdé tí wọ́n fi orúkọ Burkitt pè, dókítà tó kọ nípa rẹ̀ láti Uganda ní 1958. Dókítà òyìnbó kan, Pulvertaft, mú díẹ̀ lára kókó náà, ó ń tọ́jú rẹ̀ nínú ìgò. Sẹ́ẹ̀lì yẹn ò kú. Ó ń bí sí i, ó ń rẹ̀ sí i, títí di òní olónìí. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti inú ìdílé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tó ń bí lọ bẹ́ẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pè é ni Raji.

Ẹ tún orúkọ yẹn kà. Raji mélòó ló wà ní ọjà wa níbí? Ó tó mẹ́ta tí a jọ ń nájà.

Ọmọ mìíràn tún wà láti Nàìjíríà lọ́dún náà, ọmọ ọdún 7. Jijoye ni wọ́n pe sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀. Oògùn rituximab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1997 fún irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan, sẹ́ẹ̀lì Raji wà lára ohun tí wọ́n fi ń dán agbára rẹ̀ wò. Ìtọ́jú tuntun tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ogun ẹ̀jẹ̀ aláìsàn láti bá jẹjẹrẹ jà, òun náà ni wọ́n ń fi gbìyànjú nínú láàbù. Ilé ìkójọ kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ ATCC tó ń tà á, nọ́ńbà rẹ̀ ni CCL-86, bí àwa náà ṣe ń fi nọ́ńbà pe táìlì. Ọjọ́ orí ọmọ náà wà nínú àkọsílẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí kókó wà náà wà níbẹ̀. Ìyá tó gbé e wá sí ọsibítù ò sí níbẹ̀.

Nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí, inú bí wa. Inú wa tún dùn. A ò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì, a sì rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ọmọ Ìbàdàn yẹn ti ran àìmọye ènìyàn lọ́wọ́. Àmọ́ ó yẹ kí a bi ìdílé rẹ̀ léèrè. Ẹ wo ti Henrietta Lacks, obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Baltimore. 1951 ni wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ rẹ̀ láìbéèrè, àwọn ilé iṣẹ́ sì fi rí owó rẹpẹtẹ. 2023 ni ìdílé rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ilé iṣẹ́ kan, Thermo Fisher, yanjú ẹjọ́ tí wọ́n pè é. Ọdún 72. Tiwa ò gbọdọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti Kano tí ẹnìkan dárúkọ, òótọ́ ni. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọdé, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára wọn níbẹ̀. Ọmọ 11 ló kú nínú ìgbìyànjú náà, àwọn òbí sì ní àwọn ò mọ̀ pé ìdánwò ni. Ní 2009, Pfizer gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là láti parí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìjọba Kano. Àwọn Hausa tí a jọ wà ní ọjà yìí ò gbàgbé, kò sì yẹ kí wọ́n gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Oògùn tí wọn ò mọ̀ bó ṣe máa rí ni wọ́n fi sí àwọn ọmọ yẹn lára. Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ wa ni kí wọ́n tọ́jú díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n máa gbà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún àyẹ̀wò ara rẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbà náà tín-ín-rín bí ìṣó. Òfin tí Nàìjíríà ń lò fún ìwádìí ìlera, tó jáde ní 2007, sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ ṣàlàyé kí ènìyàn tó fọwọ́ sí i, àti pé tí wọ́n bá fẹ́ gbé sáńpù jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè yìí, àdéhùn gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Abuja níbí ni ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó o wà. Kódà ilé ìpamọ́ sáńpù kan wà ní Abuja níbí lábẹ́ Institute of Human Virology, ọ̀kan nínú mẹ́ta tí ètò H3Africa gbé kalẹ̀ fún gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń bá bàálù lọ.

Ọmọ wa gbọ́n ju gbogbo wa lọ. Nígbà tí ariwo ń lọ, ó yí fọ́ọ̀mù náà padà, ó ń kọ ìbéèrè sẹ́yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó gbé e lọ bá dókítà, àwa méjì sì tẹ̀lé e. Ó bi í pé ṣé orúkọ òun máa wà lára rẹ̀. Dókítà ní rárá, nọ́ńbà ni. Ó ní tí òun bá yí ọkàn padà ńkọ́? Ó ní kó sọ, wọn ò ní lò ó mọ́, ìtọ́jú rẹ̀ ò sì ní yí padà. Ó ní tí wọ́n bá rí àléébù àjogúnbá, ṣé wọ́n máa sọ fún òun, nítorí àbúrò òun? Dókítà dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn, ó ní ìyẹn ní ìlà tirẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù, kó fi àmì sí i pé òun fẹ́ gbọ́. A ti ka fọ́ọ̀mù yẹn lẹ́ẹ̀mejì níbi ìpàdé, kò sẹ́ni tó rí ìlà yẹn. Gẹ̀ẹ́sì kéékèèké ni wọ́n kọ ọ́. Àwa rò pé ó yẹ kí irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ wà ní Yorùbá, ní Hausa àti ní Gbagyi. Kí wọ́n má sọ pé owó ò sí. Owó wà fún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tú sẹ́ẹ̀lì wò, kò lè má sí fún ìwé méjì.

Ìbéèrè rẹ̀ ìkẹyìn ni dókítà ò rí dáhùn. Ó ní, "Tí oògùn bá jáde látinú èyí, ṣé ẹni bíi tèmi máa lè rà á?" Dókítà ní kò sí èyí nínú fọ́ọ̀mù.

Níbí ni àwa àti àwọn oníwádìí ò ti gba tara wa. Ẹni tó bá gba sáńpù lọ́wọ́ wa ti di oníbàárà wa. Ní ọjà, ẹni tó gbé ọjà lọ láìsọ ohun tó máa san, a mọ orúkọ tí à ń pè é. A ò ní kí wọ́n fún aláìsàn lówó. Ẹran ara kì í ṣe ọjà títà. Ohun tí à ń wí ni kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn, kí wọ́n tó gba sáńpù àkọ́kọ́, pé tí oògùn bá tibẹ̀ jáde, iye tí wọ́n máa tà á ní Nàìjíríà máa jẹ́ iye tí àwọn ará Nàìjíríà lè san. Ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ìwádìí lè béèrè fún ìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ bíi tiwa náà lè kọ̀wé sí wọn. A ti bẹ̀rẹ̀ tiwa, akọ̀wé ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí a tìtorí èyí ní kí ọmọ yìí má fọwọ́ sí i? Rárá o. Tí a ò bá fún wọn ní nǹkan kan, kò sí ohun tí a máa dúró lé lórí béèrè.

Ó ti fọwọ́ sí i. Ó fi àmì sí ìlà kékeré yẹn náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣe é. Láàbù wà nínú ọsibítù náà, kò sí ẹni tó máa gbé rọ́bà kankan lé wa lọ́wọ́, àmọ́ a ti ní a máa béèrè kí wọ́n fi fọ́múlíìnì hàn wá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n máa fi wá rẹ́rìn-ín. Owó àyẹ̀wò kejì, tí a ò rí san fún ìyá rẹ̀, a ti dá a jọ, ó ku díẹ̀ kó pé. Akápò ń dúró de ẹ̀yin tí ẹ ṣèlérí. Ọkọ̀ tí a fi ń kó ọjà ló máa gbé e lọ, ààyè ẹni méjì ṣì wà níwájú. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, obìnrin ni a kúkú fẹ́, kó dúró dè wá ní jọ́ńṣọ̀n Dei-Dei ní aago mẹ́fà àárọ̀.